Ẹ Ka Eyín Kẹ́ẹ Tó Nawó: Bí A Ṣe Ń Yan Sítátà fún Muscle Car Àtijọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kó sọ́wọ́ muscle car, mọ́tò Amẹ́ríkà àtijọ́ alágbára, bíi tèmi, ẹ kú ìnáwó o. Chevelle SS 396 ti ọdún 1969 lèmi ní (Chevrolet, ìyẹn Chevy, ló ṣe é, 396 sì ni nọ́ńbà títóbi ẹ́ńjìnì ẹ̀), Houston níbí ni mo ti rà á, jíà ọtọmátíkì Turbo 400 ló wà lára ẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́jọ, sítátà mẹ́ta ni mo rà fún un. Mẹ́ta o! Àkọ́kọ́ jẹ eyín flexplate, ìyẹn àwo irin ẹlẹ́yín tí sítátà ń yí kí ẹ́ńjìnì tó tan, ìkejì ò tiẹ̀ wọlé, ìkẹta ló ṣì wà níbẹ̀ dòní tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán yó. Ká ní ẹnì kan ti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fún mi nígbà yẹn ni, owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi láti sọ jíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀ torí eyín tó jẹ yẹn ì bá ṣì wà lápò mi.

Sítátà tí mò ń wí yìí, òun làwọn ríwáyà nílé ń pè ní kíkì. Solenoid tó gùn ún lẹ́yìn, tó ń ti jíà síwájú tó sì ń jẹ́ kí iná bátìrì wọlé, ọtọmátíkì ni wọ́n ń pe ìyẹn, àmọ́ ká má baà dà á pọ̀ mọ́ jíà ọtọmátíkì, solenoid ni màá máa pè é lọ. Chevy ni màá sọ jù torí òun ni ọwọ́ mi mọ̀, màá fọwọ́ ba Ford àti Mopar (àwọn mọ́tò Chrysler, bíi Dodge) náà.

Ṣé sítátà ló kú lóòótọ́?

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Bátìrì lẹ máa kọ́kọ́ wò. Bátìrì tó kún tó sì ti sinmi, 12.6 volt ló yẹ kí mítà kà, tó bá jẹ́ 12.2 lẹ rí, ẹ lọ cháàjì ẹ̀ ná kẹ́ẹ tó máa bú sítátà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ wáyà kékeré tó gbé iná lọ sí coil, èyí tó ń fún plug ní iná, kí ẹ́ńjìnì má baà tan, kẹ́nì kan bá yín yí kọ́kọ́rọ́, kẹ́ẹ fi ẹnu mítà kan sórí bóòtù ńlá tí kébùlù bátìrì ti wọ solenoid, kẹ́ẹ fi ìkejì kan irin ara sítátà fúnra ẹ̀. Tí mítà bá dúró lókè 9.6 nígbà tó ń yí, tí ẹ́ńjìnì sì ń yí bí ẹni tí kò sùn lóru, sítátà ló ń ṣàárẹ̀. Tó bá já sí 8 tàbí 7, ọ̀nà méjì ni: bóyá iná ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ dáadáa, bóyá òun fúnra ẹ̀ ló ń fa iná jù.

Bẹ́ẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ nìyí. Ẹ fi ẹnu mítà kan sórí pọ́sítífì bátìrì, ìkejì sórí bóòtù ńlá sítátà, kí wọ́n tún yí kọ́kọ́rọ́. Tó bá ju ìdajì volt lọ, kébùlù yẹn tàbí ẹnu ẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ wá ṣe bẹ́ẹ̀ láti ara sítátà sí nẹ́gétífì bátìrì. Tíyẹn náà bá kọjá 0.3 volt, earth yín, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, ò dáa.

Etí náà ń sọ̀rọ̀. Tà-tà-tà-tà lemọ́lemọ́, bátìrì tàbí ẹnu kébùlù ni lọ́pọ̀ ìgbà. Kọ̀! ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó wúwo, tí nǹkan kan ò sì yí, solenoid ti ta jíà síwájú àmọ́ iná ò kọjá, kọ́ńtáàtì inú ẹ̀ ti jó tàbí kábọ́ọ̀nù ti jẹ tán. Fííììn, tí mọ́tò inú sítátà ń sáré tí ẹ́ńjìnì ò sì mira, Bendix nìyẹn, jíà kékeré tó ń jáde lọ bá eyín flexplate, kò di nǹkan mú mọ́. Gàràgàrà bí ẹní ń lọ òkúta, eyín ń jẹ eyín nìyẹn, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kíá.

Ọ̀kan tún wà tó máa ń tan èèyàn jẹ. Láàárọ̀ á tan wàrà, àmọ́ tẹ́ẹ bá ti wa ọkọ̀ wákàtí kan tẹ́ẹ wá dúró ra epo, tẹ́ẹ bá tún yí i á máa ṣe kẹ̀rẹ̀...kẹ̀rẹ̀...kẹ̀rẹ̀. Gbogbo èèyàn á ní ooru headers, páìpù èéfín tí wọ́n fi rọ́pò ti ilé iṣẹ́, ló ń pa sítátà, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n timing, ìyẹn àsìkò tí plug ń ta iná, tó síwájú jù ń ṣe irú ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ yọ iná coil kẹ́ẹ tún yí i bó ṣe gbóná yẹn. Tó bá yí fáláfálá láìsí iná coil, tó sì ń ta kìjí tẹ́ẹ bá dá iná coil padà, timing ni kẹ́ẹ lọ tún ṣe, torí ẹ́ńjìnì tó ń ta ìpá padà báyìí lè ṣẹ́ imú sítátà tuntun, kódà kó jẹ́ àná lẹ rà á.

Èmi ò ṣe ọ̀kankan nínú ẹ̀ o. Mo gba ohùn ẹ́ńjìnì náà sórí fóònù bó ṣe ń yí wúyẹ́wúyẹ́, mo sì ti lọ ra sítátà kí n tó rántí fi ohùn náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣe ríwáyà ní Ládípọ̀ látìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbọ́ ọ tó fi pè mí.

“Kíkì kọ́ nìyẹn, àbúrò. Earth ẹ ni. Ibo lo so nẹ́gétífì mọ́?”

“Ara ẹ́ńjìnì ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Ṣé wọ́n kun ẹ́ńjìnì yẹn lọ́dà?”

Mo dákẹ́. Ọ̀dà Chevy aláwọ̀ ọsàn tó ń dán gbinrin, òun ni mo fi ń yangàn fún àlejò. Mo tú bóòtù earth, abẹ́ ẹ̀ rè é, ọ̀dà nípọn bí èèpo ọsàn gan-an. Mo fi sandpaper họ ọ́ títí irin funfun fi yọ, mo dè é padà, mọ́tò yí bí ìgbà tó jáde ní ilé iṣẹ́. Àmọ́ sítátà tuntun ló ń yí i nígbà yẹn, torí èyí tó bá mọ́tò jáde ti lọ. Màá sọ ibi tó lọ tó bá yá.

Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ ka eyín

Ibí yìí ni kẹ́ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ẹ má fi orúkọ mọ́tò ra sítátà. Ọkọ̀ yìí ti lé ní 50 ọdún, ẹni kejì tó ni ín lè ti gbé ẹ́ńjìnì ọkọ̀ akẹ́rù sí i, ẹni kẹta lè ti pààrọ̀ jíàbọ́ọ̀sì, ẹni tó sì tà á fún yín ò mọ̀kan.

Nẹ́gétífì bátìrì lẹ máa kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ọkọ̀ sórí sítáàǹdì, kì í ṣe orí jáàkì nìkan, ẹ jọ̀ọ́, Chevelle ju tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ, kò mọ ọmọ ta lẹ jẹ́.

Chevy small block àti big block (V8 kékeré àti V8 ńlá wọn), flywheel méjì ni wọ́n máa ń lò tó bá jẹ́ jíà ọwọ́, tàbí flexplate tó bá jẹ́ ọtọmátíkì: eyín 153 tàbí eyín 168. Ẹlẹ́yín 153 fẹ̀ tó ìnṣì 12¾, ẹlẹ́yín 168 fẹ̀ tó ìnṣì 14. Sítátà tó ń bá 153 rìn, ihò bóòtù rẹ̀ méjèèjì wà lórí ìlà kan, tẹ́ẹ bá fi rúlà dábùú ẹ̀ ó gún régé. Ti 168, ihò kan wà níwájú èkejì, ó dagun. Èyí tó pọ̀ jù nínú blọ́ọ̀kù Chevy ni wọ́n ti gbẹ́ ihò fún méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ihò tẹ́ẹ bá rí lára blọ́ọ̀kù ò fi lè sọ nǹkan kan fún yín, eyín lẹ máa kà.

Ẹ tú ìdérí páànù kékeré tó wà níwájú jíàbọ́ọ̀sì lábẹ́, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí eyín kan, ẹ yọ plug mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kó lè rọrùn, kẹ́nì kan máa fi sípánà ọlọ́wọ́ gígùn yí ẹ́ńjìnì látiwájú díẹ̀díẹ̀ kẹ́ẹ máa kà á. Ó máa ń súni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà tèmi torí ìyàwó mi pè mí wá jẹun nígbà tí mo dé 97. Tó bá sú yín, ẹ wọn fífẹ̀ ẹ̀, ìnṣì kan àti díẹ̀ tó wà láàárín méjèèjì ò ní farasin.

Bẹ́ẹ ṣe ń kà á, ẹ máa wo bí eyín ṣe rí. V8 kì í dúró síbi tó bá wù ú, ibi mẹ́rin ló máa ń fẹ́ dúró sí tẹ́ẹ bá pa á, ibẹ̀ náà ni sítátà á máa bù jẹ lójoojúmọ́. Tí ibi mẹ́rin yẹn bá ti pẹ́lẹ́bẹ́ tàbí tí eyín ti kán, ẹ pààrọ̀ flexplate kẹ́ẹ tó gbé sítátà tuntun sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀ ń fi eyín tuntun jẹ egungun. Tẹ́ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ sọ fún wọn irú ẹ́ńjìnì tẹ́ẹ ní, torí 454 ń fẹ́ èyí tí wọ́n lẹ irin ìwọ̀n mọ́, 396 ò fẹ́ ẹ, tẹ́ẹ bá ṣì í gbé, gbogbo ọkọ̀ á máa gbọ̀n.

Sítátà kejì tí mo rà, wọ́n kọ ọ́ sójú ìwé ọjà pé ó bá Chevelle 1969 mu. Ó lè bá ti ẹlòmíì mu o, irú ti 153 ni. Tèmi, 168. Bí mo ṣe gbé e sókè, jíà ẹ̀ lọ gún flexplate, kò sì sí bí mo ṣe lè tì í tí bóòtù máa rí ihò.

Tí kì í bá ṣe Chevy

Pontiac, Oldsmobile, Buick, GM ni gbogbo wọn lóòótọ́, àmọ́ kálukú ló ní ẹ́ńjìnì tiẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Ẹni tó bá ní Pontiac GTO 1964 pẹ̀lú ẹ́ńjìnì 389 inú ẹ̀, kó má wo ọ̀nà sítátà Chevy rárá.

Mopar ló fún èèyàn ní ìsinmi jù. Láti 1962 ni Chrysler ti ń lo sítátà tó ní jíà ìdínkù 3.5 sí 1 nínú (mọ́tò inú ẹ̀ á yí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta àtààbọ̀ kí jíà ìta tó yí ẹ̀ẹ̀kan), ìró ẹ̀ nìkan tó láti mọ̀ pé Mopar ló ń bọ̀. 318, 340, 383, 440, títí dé 426 Hemi, irú sítátà kan náà ló ń wọ̀ wọ́n. Àwọn kékeré tó fúyẹ́ tí wọ́n ṣe fún Dodge ìgbà tó yá náà ń wọlé síbẹ̀, ọ̀pọ̀ olówó headers ló sì ti lọ sórí ẹ̀.

Ford ń fẹ́ àkíyèsí. 289, 302 àti 351 Windsor, sítátà oní-jíà ọwọ́ yàtọ̀ sí ti ọtọmátíkì, ìjìnlẹ̀ imú wọn ò bára mu: ti jíà ọwọ́ sún mọ́ 3/8 ìnṣì, ti ọtọmátíkì 3/4. 390 àti 428 tún ní tiwọn lọ́tọ̀. Ohun kejì ni pé solenoid Ford àtijọ́ ò sí lára sítátà, ara ògiri inú bọ́nẹ́ẹ̀tì ló wà. Tẹ́ẹ bá wá ra sítátà kékeré ìgbàlódé tó gbé solenoid tiẹ̀ dání, ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn so wáyà pélébé kan láti bóòtù ńlá lọ sí ẹnu S lára ẹ̀ (ibi tí iná kọ́kọ́rọ́ ń gbà wọ solenoid), wọ́n á ní ó ti parí. Ẹ má ṣe é. Mágínẹ́ẹ̀tì ló wà nínú sítátà yẹn, tẹ́ẹ bá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ á ṣì máa yí, bó ṣe ń yí ló ń pèsè iná, iná yẹn á gba wáyà yẹn padà wọ S, solenoid ò ní tètè jáwọ́, ẹ máa gbọ́ ọ tó ń ké lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti tan. Kébùlù ńlá, ẹ so ó láti ẹ̀gbẹ́ bátìrì lára solenoid ògiri lọ sí bóòtù ńlá sítátà tààrà, kó máa gba iná nígbà gbogbo. Ẹ wá fa wáyà kékeré láti ẹ̀gbẹ́ kejì solenoid ògiri lọ sí S. Ó parí.

Èwo gan-an ni kẹ́ẹ rà?

Irú ti àtijọ́, Delco-Remy tí GM ń lò, ó wúwo, ó sún mọ́ 20 pọ́n-ùn, mọ́tò ńlá tó ń yí jíà ẹlẹ́yín 9 ní tààrà. Ẹ ṣírò ẹ̀: 9 sínú 153, ìgbà 17 gééré ni sítátà máa yí kí ẹ́ńjìnì tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Sítátà kékeré oní-jíà ìdínkù, tó bá jẹ́ 4 sí 1, mọ́tò inú ẹ̀ á yí ìgbà 68 fún iṣẹ́ kan náà, ìdí nìyẹn tó fi lè kéré, kó fúyẹ́ tó ìdajì, kó má fa iná tó ti àtijọ́, kó sì tún lágbára.

Tí mọ́tò yín bá jẹ́ èyí tí gbogbo nǹkan ara ẹ̀ ṣì jẹ́ ti ilé iṣẹ́, tí nọ́ńbà ń bára mu, ẹ má jù ú nù. Ẹ wo ara irin sítátà, wọ́n tẹ nọ́ńbà àti ọjọ́ sí i: tẹ́ẹ bá rí 9C12, 9 ni ọdún, C ni oṣù kẹta, 12 ni ọjọ́, ìyẹn 12 oṣù kẹta 1969. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún sítátà àti alternator ṣe, kó pààrọ̀ kábọ́ọ̀nù, bush méjèèjì, Bendix àti kọ́ńtáàtì solenoid, kó sì da tiyín gan-an padà fún yín, kì í ṣe ti ẹlòmíì tó jọ ọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní Amẹ́ríkà, ẹ kàn ní láti wá a.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ti fi headers sí i, tàbí ẹ́ńjìnì yín ní kọ̀m̀pùréṣàn tó ga, LS6 454 ti 1970 fún àpẹẹrẹ, 11.25 sí 1 ni, sítátà oní-jíà ìdínkù ni kẹ́ẹ lọ rà, èrò tèmi nìyẹn. Ẹ wá èyí tí ìdúró ẹ̀ ṣeé yí, kẹ́ẹ lè darí solenoid kúrò lára páìpù tó gbóná, kí ihò bóòtù ti 153 àti ti 168 sì wà lára ẹ̀. Fún 350 jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, 1.4 kW tó. Big block tó le, ẹ má lọ sísàlẹ̀ 2 kW.

Ohun kan táwọn tó ń tajà kì í sọ: tẹ́ẹ bá ṣì ń lo points, ìtanná àtijọ́ tó ń já iná coil, solenoid Delco àtijọ́ ní ẹnu kan tó ń jẹ́ R, òun ló ń fún coil ní iná tó kún nígbà tẹ́ẹ bá ń yí kọ́kọ́rọ́. Ọ̀pọ̀ sítátà kékeré ò ní in. Sítátà á máa yí bí iná, mọ́tò ò ní fẹ́ tan, ẹ̀yin á ní wọ́n ta gbàǹjo fún yín. Ẹ bèèrè bó bá ní R. Ẹni tó bá ti lọ sórí HEI, ìtanná GM tí kò lo points, ò ní ìṣòro yìí.

Níwájú káńtà

Reman tó pọ̀ lórí igbá, ara àtijọ́ ni wọ́n fọ̀, tí wọ́n kùn, tí wọ́n pààrọ̀ ohun tó bàjẹ́ nínú ẹ̀. Òmíràn dáa, òmíràn jẹ́ pé ọ̀dà nìkan ló jẹ́ tuntun. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ ìdánwò lójú yín, ẹ wò ó kí jíà jáde ṣáká kó sì padà wọlé láìha. Ẹ fi ọwọ́ yí jíà: apá kan ló yẹ kó yí sí, kó dí lápá kejì. Lifetime warranty tí wọ́n ń kọ sí i, ẹ má jẹ́ kó wọ̀ yín lójú jù, wọ́n á fún yín ní òmíràn lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yìn yín náà ló máa tún lọ sùn sábẹ́ ọkọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti core. Tẹ́ẹ bá ra reman, wọ́n á gba owó díẹ̀ lé e, wọ́n á ní tẹ́ẹ bá kó àtijọ́ wá ẹ máa gbà á padà. Èmi sáré, mo gbé Delco tó bá mọ́tò mi jáde ní 1969 lé káńtà, torí dọ́là mélòó kan, tó sì jẹ́ pé kò bàjẹ́, earth ló bàjẹ́. Nígbà tí mo padà lọ lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀ lọ. Ẹ san owó core yẹn, kẹ́ẹ gbé tiyín sílé sábẹ́ bẹ́ńṣì.

Ọjọ́ tẹ́ẹ máa so ó

Bóòtù sítátà Chevy kì í ṣe bóòtù lásán, ara ẹ̀ ní ilà wínníwínní tó ń há mọ́ ihò kí sítátà má baà mì. Èmi lọ ra bóòtù 3/8 ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́, ó wọlé, ó le, inú mi dùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì eyín flexplate ti jẹ, torí sítátà ń sún díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá yí. Ẹ ra èyí tó yẹ, kẹ́ẹ fún un dé nǹkan bíi 35 ft-lb lórí sípánà oníwọ̀n. Tó bá jẹ́ ti àtijọ́ tó gùn, ẹ má gbàgbé irin kékeré tó di ìdí ẹ̀ mú mọ́ blọ́ọ̀kù, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń jù ú nù, imú sítátà á wá kán.

Kẹ́ẹ tó dá nẹ́gétífì padà, ẹ fi screwdriver fa jíà wá kó bá eyín flexplate, kẹ́ẹ ki kílíìpù tí wọ́n fi ń há bébà, èyí tí ẹ ti nà gbọọrọ, sáàárín ṣóńṣó eyín ti ọ̀kan àti ìsàlẹ̀ eyín èkejì. Ó yẹ kó wọlé pẹ̀lú ìfọwọ́kàn díẹ̀, kó má há, kó má sì máa jó níbẹ̀. Tí kò bá wọlé, wọ́n sún mọ́ra jù, ẹ fi shim, páànù pẹlẹbẹ tín-ín-rín, sáàárín sítátà àti blọ́ọ̀kù. Tó bá ń jó, ẹ yọ shim kan. Tí jíà bá padà sílé, ó yẹ kí àyè 1/16 sí 1/8 ìnṣì wà láàárín òun àti flexplate.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ yí i, ẹ tẹ́tí. Tó bá ń ké fíìn nígbà tó ń yí kí ẹ́ńjìnì tó tan, ó jìnnà jù. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn tó ti tan ló ń ké, bẹ́ẹ ṣe ń fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó sún mọ́ jù. Ẹ ṣàtúnṣe ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ má ní ó máa mọ́ ara ẹ̀ lára. Ẹ má sì jókòó sábẹ́ kẹ́ẹ fi screwdriver bríjì solenoid bíi ti ilé o, pàápàá tí jíà ò bá sí ní Park, mọ́tò yìí á gorí èèyàn lọ láìbèèrè.

Sítátà kẹta mi, shim kan ló gbà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo tún wọ abẹ́ ẹ̀, mo fi sípánà dán bóòtù méjèèjì wò, wọn ò sún. Mo wá fi máákà kọ “168, shim kan, R kò sí” sí ẹ̀yìn ìdérí glove box, fún ẹni yòówù tó bá máa ra ọkọ̀ yìí lọ́wọ́ ọmọ mi.